Ẹ̀tọ́ Ni Tàbí Ojúsàájú?

Àwọn àgbà a máa wí pé ìka kò dọ́gba. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. A máa ń pa á láti fi tu ẹni tí nǹkan kò dára fún nínú, a sì máa ń pa á láti fi kọ́ ọmọdé kí ó má ṣe máa wo ohun tí ń bẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ ọgbà ilé ìwé, à á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Agogo kan náà ni ó ń jí gbogbo wa, ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà ni a ń bù sínú abọ́ gbogbo wa, ẹgba kan náà ni ó sì wà fún ẹni tí ó bá rú òfin. Bí ẹnìkan bá wí pé ti òun yàtọ̀, a ó ní ojúsàájú ni ó ń wá.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé ni èyí: bí a bá ti ṣe bákan náà sí gbogbo ènìyàn, ǹjẹ́ a ti ṣe ẹ̀tọ́ sí wọn bí? N kì bá tí fi ìbéèrè yìí da ara mi láàmú bí kì í bá ṣe ti ọmọkùnrin kan tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí èmi àti òun jọ wà ní ilé ìwé kan ní Abẹ́òkúta. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ọmọ náà. Nínú ẹ̀bi tí ẹ ó bá nínú ìtàn yìí, apá tí ó pọ̀ jù jẹ́ tèmi.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì àṣekágbá, wọ́n fi mí ṣe pírífẹ́ẹ̀tì yàrá ìjẹun. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́: a kì í gbé oúnjẹ jáde nínú yàrá ìjẹun, a kì í jẹun lẹ́yìn agogo, a kì í jẹ ohunkóhun nígbà ìkàwé alẹ́. Mo di òfin wọ̀nyí mú ṣinṣin. Àbúrò mi ọmọ ìyá mi wà ní kíláàsì kejì nígbà náà, mo sì gba gúgúrú lọ́wọ́ òun pàápàá níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ilé ìwé lè mọ̀ pé n kì í ṣe ojúsàájú.

Ọmọ tí mo ń wí yìí wà ní kíláàsì kẹta. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ̀wé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun méjì ni àwa àgbà ilé ìwé ṣàkíyèsí lára rẹ̀: ó máa ń tọrọ ààyè láti lọ tọ̀ lemọ́lemọ́, ó sì máa ń jẹ nǹkan ní kọ̀rọ̀. A sọ ọ́ ní Wọ̀bìà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà ìkàwé, mo tú àpótí ìwé rẹ̀, mo sì bá bísíkíìtì àti ṣúgà oníhóró díẹ̀ tí a fi bébà wé. Bí mo ti ń kó wọn, ó wí pé, “Síníọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á, òògùn mi ni.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní, “Òògùn ebi.” Mo kó o lọ sínú àpótí mi.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwé mọ̀ pé ọmọ náà ní àtọ̀gbẹ, nítorí inú yàrá rẹ̀ ni ó ti ń gba abẹ́rẹ́. Àwọn olùkọ́ kan náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí a má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà kò sì fi ẹjọ́ mi sun nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé ìwé ìbùsùn rí mọ ohun tí ojú ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ síníọ̀ sùn máa ń rí.

Ní ọjọ́ kejì, òjò pa igi ìdáná. Oúnjẹ alẹ́ tí à ń jẹ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ kò tíì jinná nígbà tí agogo méje lù. Ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́fà, kí nọ́ọ̀sì tó lọ sílé. A tò sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun, mo sì rí i tí ó ń mì, tí òógùn bò ó, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Mo rò pé nítorí ṣúgà tí mo gbà ni ó fi ń fi mí ṣe ẹ̀sín. Mo ní kí ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyá alásè ni ó gbà á sílẹ̀. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ ti ní àìsàn náà rí, nítorí náà ojú rẹ̀ kan tí ó bọ́ sára ọmọ náà ni ó ti mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ó ké pé, “Ṣúgà dà? Ẹ wá ṣúgà fún mi!” Yàrá tí a ń kó ohun jíjẹ sí wà ní títì, ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti lọ sílé. Ṣúgà tí ó sún mọ́ wa jùlọ ni èyí tí ń bẹ nínú àpótí mi. Mo sáré lọ mú un wá. Ìyá alásè pò ó mọ́ omi, ó sì rọra ń fún un mu, nítorí ó ṣì lè gbé nǹkan mì. Nígbà tí ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ náà mọ̀ wá. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bèèrè ni bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun rí òun.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n pe ìyá rẹ̀. Wọ́n pe èmi náà láti wá sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìyá ọmọ náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun máa mú ohun jíjẹ díẹ̀ lọ́wọ́ kiri. Olùkọ́ kan, ẹni tí kì í ṣe ìkà rárá, dáhùn pé, “Màmá, bí a bá gba ẹnìkan láyè, kí ni a ó wí fún ọ̀ọ́dúnrún tí ó kù?” Kò sí ẹni tí ó lè fèsì. Wọ́n gba ìyá náà nímọ̀ràn pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì mú un lọ. Nígbà tí ọdún parí, ilé ìwé fún mi ní ẹ̀bùn ìwé kan, wọ́n sì kọ sínú rẹ̀ pé wọ́n fún mi nítorí pé n kì í ṣe ojúsàájú.

Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ irú àìsàn tí à ń wí. Èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Bí a bá tú àtọ̀gbẹ palẹ̀, a ó bá “tọ̀” àti “gbẹ” nínú rẹ̀: ẹni tí ó ní in yóò máa tọ̀, ara rẹ̀ yóò sì máa gbẹ. Àwọn Gíríìkì pè é ní ohun tí ń gba inú ènìyàn kọjá, Aretaeus ará Kapadókíà sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa pé ẹran ara a máa yọ́ di ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni a fi ọ̀rọ̀ Látìnì kan kún orúkọ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó dùn bí oyin. Àwọn tiwa náà pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí fi ojú kan náà wo àìsàn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí ìrètí nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Àwọn tí kò rí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n gún ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fi abẹ́rẹ́ náà tọ́jú. Títí di ìgbà náà, ikú ni ó máa ń gbẹ̀yìn irú àtọ̀gbẹ tí ó wà lára rẹ̀. Ó ti rù kan egungun nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó yè, ó sì lo ọdún 13 sí i láyé. Ní 1923 àwọn tí ó ṣe àwárí oògùn náà fi ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí àwọn aláìsàn ṣe òwò. Láti ìgbà náà ni orúkọ tí àwọn baba wa fún àìsàn yìí kò ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ó bá ń gba ínsúlínì, tí ó ń jẹun ní àkókò, tí a sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ déédéé, lè dàgbà, kí ó kàwé, kí ó sì bímọ.

Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù láàrin wa a máa mú àgbàlagbà, òun ni ó fà á tí a fi ń rò pé àìsàn àgbà ni. Èkejì ni ó máa ń mú ọmọdé jùlọ. Ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò dojú ìjà kọ ibi tí ínsúlínì ti ń wá, títí kò fi ní sí i mọ́. Ínsúlínì sì ni ó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà tí ó ti inú oúnjẹ wọ ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí i, oúnjẹ yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi yóò sì máa pa ara, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ létí odò Ògùn. Kì í ṣe ṣúgà àjẹjù ni ó fa irú èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá tàbí ti baba.

Abẹ́rẹ́ tí ó gba ẹ̀mí ọmọ náà là lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, bí oúnjẹ bá pẹ́ tàbí bí ó bá sáré púpọ̀ lórí pápá. Bí ṣúgà náà bá ti kéré sí 70 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n níhìn-ín, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn a bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì dà bí ti ọ̀mùtí. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro: ṣúgà gíráàmù 15, bí hóró mẹ́rin, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì tún ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀n. Bí ó bá ti dákú tí kò lè gbé nǹkan mì, a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí i lẹ́nu; ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí n mọ̀ ní ọjọ́ náà ni èyí. Kò kún ojú ewé kan.

Ẹnìkan lè wá wí pé, “Ṣé o rí i, àìmọ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀. Kí a kọ́ àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ parí.” N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e mọ̀. Ìyá ọmọ náà ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún wọn. Ohun tí ó lé ọmọ náà lọ ni èrò kan tí wọ́n kà sí ìwà rere: pé ohun tí a kò bá lè ṣe fún gbogbo ènìyàn, a kò gbọdọ̀ ṣe é fún ẹnìkan. Èrò yìí ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí ẹni rere ni ó máa ń dì í mú.

Èkíní, kí ni òfin wà fún? Òfin tí ó ní kí a má jẹun nígbà ìkàwé wà kí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ má baà kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bísíkíìtì ni ó ń jẹ́ kí ọkàn ọmọ yìí lè wà nínú ìwé. Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin ni mo pa mọ́. Ìdí tí a fi ṣe òfin náà ni mo bàjẹ́. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, sọ nínú ìwé tí ó kọ lórí ìwà pé òfin a máa sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ènìyàn lápapọ̀, ọ̀ràn kan sì lè dé tí ẹni tí ó ṣe òfin kò rò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá dé, kí a ṣe ohun tí aṣòfin náà ìbá ti ṣe bí ó bá wà níbẹ̀. Ó fi í wé ọ̀pá ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ní erékùṣù Lesbos. Òjé ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà a máa tẹ̀ bá bí òkúta bá ti rí. Àwa tí a dàgbà sí ìlú tí ó wà lábẹ́ òkúta mọ̀ pé òkúta méjì kì í rí bákan náà.

Èkejì, kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ni ó ti gbọ́ ìtàn Lísàbí àti àáró. Nínú àáró, ọjọ́ ni ó dọ́gba: bí mo bá lo ọjọ́ kan lóko rẹ, ìwọ náà yóò lo ọjọ́ kan lóko mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ó ṣe lọ́jọ́ náà, ohun tí oko olúkúlùkù ń fẹ́ ni. Ẹnìkan ń fẹ́ kí a bá òun ṣán igbó, ẹnìkan ń fẹ́ kí a bá òun kọ ebè, ẹnìkan ń fẹ́ ìkórè. Kò sí ẹni tí yóò wí pé nítorí pé igbó ni a ṣán lánàá, ojúsàájú ni bí a bá kọ ebè lónìí. Ohun tí ó so ẹgbẹ́ náà pọ̀ ni pé kò sí oko ẹnikẹ́ni tí a kò ní dé. Ìtàn sì wí pé láti inú ẹgbẹ́ yìí ni Lísàbí ti rí àwọn tí ó fi gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọgbọọgba tí mo mọ̀ ní yàrá ìjẹun kò tó èyí. Èmi ń wo abọ́ bóyá ó dọ́gba. N kò wo ẹni tí ń jẹun nínú rẹ̀.

Nítorí náà, èsì wà fún olùkọ́ wa. Kí ni a ó wí fún ọ̀ọ́dúnrún tí ó kù? A ó wí fún wọn pé ẹnikẹ́ni nínú wọn tí àìsàn yìí bá mú yóò rí ohun kan náà gbà. Ìlérí kan náà ni a ṣe fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó nílò rẹ̀ lónìí ni ó ń lò ó. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ń wọ awò ojú, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ojúsàájú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ojú wọn dá ṣáká kò bèèrè pé kí a ra awò fún àwọn náà.

Ẹlòmíràn lè wí pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí a ka iṣẹ́ náà. Kí ọmọ náà lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ. Kí ó lè lọ tọ̀, kí ó sì mu omi. Kí ṣúgà wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi gbogbo. Kí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta mọ ohun tí a ń ṣe bí ara rẹ̀ bá yí padà. Kí ínsúlínì rẹ̀ wà níbi tí ó tutù. Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó lè nira níbi tí iná mànàmáná kò dúró. Síbẹ̀, àwọn ìyá wa ti mọ bí omi ṣe ń tutù nínú àmù kí iná tó dé ilẹ̀ yìí. Olùkọ́ kan láti òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, fi ìkòkò kan sínú ìkòkò kejì, ó fi iyanrìn tútù sí agbedeméjì wọn láti fi pa ẹ̀fọ́ àti èso mọ́, ó sì fi gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lè dín ooru kù fún ínsúlínì náà. Owó abẹ́rẹ́ àti owó ohun tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ni ẹrù tí ó wúwo, orí òbí ni ó sì wà. Èyí tí a ń bẹ ilé ìwé sí kò ju ìyọ̀ǹda àti ìkíyèsí lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a gba gbogbo oúnjẹ lẹ́nu alátọ̀gbẹ, kí a fi àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi ewúro nìkan sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí ń dàgbà kò lè fi ìyẹn dàgbà. Ó lè jẹ láfún tí a ń fi Ẹ̀gbá ṣe àwàdà, ó lè jẹ fùfú, ó sì lè jẹ ìrẹsì, pàápàá irú ti Ọ̀fadà níhìn-ín, tí a kò bá fi ẹ̀rọ bó o di funfun báláú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ó mọ ìwọ̀n tí òun yóò jẹ, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè bá a mu. Kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tàbí ẹja wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí omi gba ipò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí oúnjẹ má sì pẹ́. Bí igi bá tutù, kí ẹnìkan rántí pé ọmọ kan wà tí kò lè dúró. Bí a bá sì wò ó dáadáa, oúnjẹ tí ó dára fún ọmọ yìí dára fún àwa yòókù tí à ń fi gaàrí àti ṣúgà sùn lálaalẹ́.

Mo ti fi ibi tí ó wúwo jùlọ sẹ́yìn. Ìyá alásè ṣàánú ọmọ náà, àánú rẹ̀ sì gbà á là. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ti lọ sí ọjà Kútọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Àánú dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bá ẹni tí ó ni ín lọ sílé. Ẹ̀tọ́ ni ó máa ń dúró nígbà tí aláàánú kò bá sí níbẹ̀. Mo rántí bí ìyá ọmọ náà ti kúnlẹ̀ tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń lé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ó rò pé ojú rere ni òun wá tọrọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ni.

Kí ni òfin wa wí? Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 kọ̀ kí a fi ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, jíjẹ́ akọ tàbí abo, ìsìn, èrò òṣèlú tàbí irú ìbí ẹni yà á sọ́tọ̀. Kò dárúkọ àìsàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ní ire ọmọ ni kí a fi ṣáájú nínú ohun tí ó bá kàn án, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìlera àti sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ dandan náà, ọmọ tí a lé lọ náà kò sì tíì pé e. Òfin tí ó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, tí a ń pè ní ti 2018, tí Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019, fún àwọn tí ó kàn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Kò dárúkọ àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ nípa àìlera tí yóò pẹ́ lára ènìyàn tí ó sì lè dí i lọ́wọ́, agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ ọ́ di dandan fún àwọn tí ń ṣàkóso ilé ìwé ìjọba láti ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1973 ni àwọn òbí ń gùn lé, tí ilé ìwé fi ń kọ ètò ìtọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Tiwa kò tíì sọ ọ́ ní gbangba bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ṣe é, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè kọ ojú ewé kan, kí òbí, nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá ilé ìwé fi ọwọ́ sí i, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ni ẹ̀mí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì parí sí ilé ìwé girama. Lára àwa tí à ń ka ìwé yìí, àwọn kan yóò di olùkọ́, àwọn kan yóò sì máa ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò mú ṣúgà wọlé, ìwé òfin yóò sì wà lọ́wọ́ wa.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo pàdé ọmọ náà ní ibùdó ọkọ̀ ní Kútọ̀. Ó ti ga jù mí lọ, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Bí a ti jókòó tí à ń retí kí ọkọ̀ kún, ó mú búrẹ́dì jáde, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì gún ara rẹ̀ níkùn níwájú gbogbo èrò ọkọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Síníọ̀, ẹ kò kúkú mọ̀.”

Inú rere ni ó fi sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á. Ó ti sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pé òògùn òun ni. Àwọn baba wa wí pé abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò bèèrè pé òògùn kí ni. Ìwé òfin wà lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé ẹni tí ó bá ti ní òfin lọ́wọ́ kò ní ìbéèrè kankan láti bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a tó wí pé òfin ni òfin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tí ó kúnlẹ̀ níwájú wa pé kí ni ó ń ṣe é.